Ẹni Tí Yóò Ṣe Opó

Ọdún méjìlá gbáko ni obìnrin kan fi jẹ́ olórí òṣèré nínú ẹgbẹ́ eré kan tó sọ ilé ìtẹ̀wé àtijọ́ di gbọ̀ngàn. Ìyá Eré ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ, kò sì tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe irú eré téèyàn ń wò kí oúnjẹ lè dà nínú. Ìwé tí wọ́n bá ti lé kúrò nílé-ìwé, tí àwọn olórí ẹ̀sìn ti bú, tí bàbá bá lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ rẹ̀ tó sì fà ya, òun ni Olùdarí wọn máa ń wá kiri. Yóò tú u palẹ̀, yóò sọ ọ́ di eré, yóò sì gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí. Ọdún kan wà tí wọ́n ní kí àwọn òǹwòran dúró sórí ìtàgé, tí àwọn òṣèré sì lọ jókòó sórí àga wọn. Ní ọdún mìíràn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí èrò láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Àwọn kan a máa bínú jáde. Àwọn tó bínú jáde yẹn náà ló máa ń mú ọ̀rẹ́ wọn wá lọ́jọ́ kejì, kí òun náà lè wá bínú.

Ìyá Eré ni òpó tó gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ohùn rẹ̀ kì í ga, síbẹ̀ ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún á gbọ́ ọ bí ẹni pé etí òun nìkan ló ń sọ ọ́ sí.

Ó ní àbúrò kan ṣoṣo, obìnrin, tó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni àbúrò náà nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì gbé dàgbà. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà, òun ló ń di irun fún un, òun ló fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán. Nígbà tó gbọ́ṣẹ́ tán, òun náà ló mú un wọ ẹgbẹ́ kí ó máa rán aṣọ eré. Ọmọbìnrin náà rí tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, píìnì kì í sì í sábà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Káfíńtà tó ń kan ìtàgé fún wọn ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bí awọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ìtàn opó kan ni Olùdarí mú wá. Ọkọ obìnrin inú ìwé náà jẹ́ adájọ́ àgbà tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tó kú, tí àwọn èèyàn wá kí ìdílé, opó kọ̀, kò sunkún. Ó jókòó sórí pósí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ọkọ rẹ̀ ti ṣe fún un láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lójú gbogbo àlejò. Ìwé náà ti dá ìjà sílẹ̀ nígbà tó jáde. Wọ́n ní ó tàbùkù òkú, wọ́n ní ó ń kọ́ ìyàwó ilé ní àfojúdi, wọ́n sì kó o kúrò ní ilé ìkàwé. Olùdarí ní òun ò ní to àga síwájú ìtàgé. Àárín gbọ̀ngàn ni pósí yóò wà, àwọn òǹwòran ni yóò sì jẹ́ àlejò tó wá kẹ́dùn. Wọn yóò jókòó yí pósí ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ìrépé aṣọ dúdú kan lẹ́nu ọ̀nà láti so mọ́ apá.

Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tí yóò ṣe opó. Ìyá Eré fúnra rẹ̀ kò béèrè. Ó mú ìwé eré lọ sílé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ sórí. Abẹ́rẹ́ wọn ara rẹ̀, ó sì rán aṣọ dúdú ọlọ́rùn gíga kan fún un, tí bọ́tìnnì tò síwájú rẹ̀ láti ọrùn dé orúnkún.

Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n ti ń dánra wò, ohùn Ìyá Eré ṣàdédé há, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ la ẹnu sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó wá síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, ó wé ìborùn mọ́ ọrùn, ó jókòó sí kọ̀rọ̀. Iná ni wọ́n fẹ́ tò lọ́jọ́ náà. Wọ́n nílò ẹni tí yóò jókòó sórí pósí, tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ opó, kí oníná lè mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí. Olùdarí ní kí Abẹ́rẹ́ ṣáà lọ jókòó síbẹ̀. Ó lọ tòun ti aṣọ tó ń ṣẹ́ létí lọ́wọ́. Kò mú ìwé dání, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó ń rán aṣọ lọ, ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà lọ, bí ẹni tó ń ròyìn bí ọjọ́ ṣe lọ. Ó sọ bí ọkọ ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ opó síta nínú òjò ní ọdún kejì, tó sì jẹun tán kó tó ṣí i. Ó fi eyín já òwú, ó ki òmíràn bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì bọ́ sí ọdún kẹta.

Oníná gbàgbé iná. Káfíńtà, tó máa ń sùn nínú pósí yẹn lọ́sàn-án tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, tó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun nìkan ló ti ibẹ̀ jí rí, gbé òòlù sókè, kò sọ̀ ọ́. Olùdarí ní kí ó tún apá yẹn sọ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun tó kọ́kọ́ dé sí Ìyá Eré ní kọ̀rọ̀ tó wà ni ayọ̀. Ó sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé, ọmọ mi rèé. Ayọ̀ náà kò pẹ́ ju ìgbà téèyàn fi ń ṣẹ́jú lọ. Ó bojú wo Olùdarí. Ó mọ ojú tí ọkùnrin náà fi ń wo Abẹ́rẹ́. Bó ṣe wo òun náà nìyẹn ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, láti ìgbà náà kò sì tún wo òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Olùdarí pe Ìyá Eré sínú yàrá kótópó tí wọ́n ń kó lẹ́tà ìtẹ̀wé sí tẹ́lẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ ṣe àdììtú. Ó ní Abẹ́rẹ́ ni yóò ṣe opó, Ìyá Eré ni yóò ṣe ìyá ọkọ, arúgbó tí yóò jókòó níbi orí pósí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní, "O mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ká ní ìwọ lo jókòó síbi tí mo wà lánàá, kí lo máa ṣe?"

Obìnrin náà kò ní ohùn tí yóò fi dá a lóhùn. Orí ló mì pé òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ṣí ìwé eré, ó wá ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ nínú rẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré ni.

Abẹ́rẹ́ sunkún nígbà tó gbọ́. Ó ní òun ò ṣe, òun yóò lọ sọ fún Ọ̀gá pé aṣọ rírán lòun wá ṣe níbẹ̀. Ìyá Eré fi ohùn tó há náà ní kó nu ojú rẹ̀ nù, ó ní èèyàn kì í kọ irú oore bẹ́ẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ẹni tó bá rí wọn yóò ní ẹ̀gbọ́n rere nìyí. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ gba aṣọ opó wọlé kó lè bá Abẹ́rẹ́ lára mu, kò sì sí télọ̀ tó lè fi píìnì mú ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ìyá Eré ló bá a mú un. Ìka mẹ́ta ni wọ́n gbà wọlé níbi ìbàdí, Ìyá Eré sì ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé. Píìnì kan wọ ẹran ara ọmọ náà. Kò pariwo, ó kàn fa èémí. Títí di òní, Ìyá Eré kò lè búra pé ọwọ́ òun ló ṣèèṣì.

Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó rù. Ohun tí kò kà sí rí ló wá ń kà. Ó ń wo ẹni tí Káfíńtà kọ́kọ́ kí tó bá wọlé láàárọ̀. Ó ń wo ẹni tí wọ́n gbé tíì fún ṣáájú. Tí Olùdarí bá ní "ẹ káre," yóò wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Ká ní ọmọ náà gbéra ga ni, ì bá rọrùn, á rí ibi dì mú. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ṣì ń jí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jí, ó ṣì ń gbé omi ìwẹ̀ kaná fún un, ó ṣì ń béèrè bóyá ọ̀fun rẹ̀ ti san. Nígbà mìíràn Ìyá Eré a dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a máa gbọ́ ọ ní yàrá kejì tó ń sọ ọ̀rọ̀ opó wúyẹ́wúyẹ́, a sì máa bá a sọ ọ́ láìmi ètè. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Kò sí ọ̀kan tó wúlò fún un mọ́.

Apá kẹta ló le jù nínú eré náà. Níbẹ̀ ni opó ti sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ọmọ wọn kan ṣoṣo kú, tí wọ́n kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé ránṣẹ́ sí adájọ́ lórí àga ìdájọ́, tó ka ìwé náà, tó ṣẹ́ ẹ po, tó ní kí agbẹjọ́rò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Agbára ibẹ̀ ni pé opó kò gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè rárá. Yóò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka aṣọ tó fẹ́ fọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Abẹ́rẹ́ wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ní ibẹ̀ ń dẹ́rù ba òun, kó jọ̀ọ́ kó kọ́ òun.

Ìyá Eré ń nu tábìlì lọ́wọ́. Ó nù ún títí kò fi sí ohun tí yóò nù mọ́.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni kí o ti ké. Fi ọwọ́ méjèèjì lu pósí. Jẹ́ kí ẹkún gbé ọ."

Abẹ́rẹ́ wò ó lójú. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n fi ọ̀sán náà ṣe é léraléra, tábìlì ìdáná ni pósí. Nígbà tí ọmọ náà bá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní kó tún gbé e sókè. Nígbà tí wọ́n parí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Ní ọjọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n ṣí eré, wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú àwọn èèyàn díẹ̀ tí Olùdarí pè. Ó ń dùn bọ̀ títí wọ́n fi dé apá kẹta. Abẹ́rẹ́ ké. Ó lu pósí, ó sunkún, ó tún ké. Ọkùnrin kan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Obìnrin méjì wo ara wọn, ọ̀kan sì fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Olùdarí dá eré dúró. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo ẹgbẹ́, ẹni tó ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ní, "Èmi ni, Ọ̀gá. Mo rò pé ó máa dáa ni."

Olùdarí ní òun ló ṣàṣìṣe, èèyàn kì í ti ẹnu aṣọ rírán bọ́ sórí pósí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní Ìyá Eré ni yóò wọ aṣọ opó ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n tú ibi tí wọ́n gbà wọlé.

Ohun tí Ìyá Eré ń wá ti dé. Ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ wọ yàrá aṣọ, ó bá a níbi tó ti tẹ́ aṣọ dúdú náà sórí itan, tó ń fi àlùmọ́gàjí kékeré tú ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Ó bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ òtítọ́ fún Ọ̀gá.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi?"

Ó ń tú aṣọ lọ, kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀ pé kò dáa, ẹ̀gbọ́n mi. Látìgbà tí a ti ń ṣe é nílé ìdáná ni mo ti mọ̀. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo ka ìwé yẹn."

"Kí ló wá dé tí o ṣe é?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní A, B, D. Ẹ ò ṣì mí lọ́nà rí. Mo ní bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n." Ó yọ òwú kan, ó jù ú sílẹ̀. "Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dé ibẹ̀, mo ń wo ojú yín. Mo rò pé ẹ máa mirí sí mi pé kí n má ṣe é."

Ìyá Eré rántí pé òun rí ojú náà. Ó rí i dáadáa, ó sì gbé ojú tirẹ̀ kúrò.

Ó jáde. Ó rìn yí ilé ìtẹ̀wé náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá lára àwọn pákó tí Káfíńtà tò sẹ́yìn ògiri, ó sì wọlé lọ bá Olùdarí, tó ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Ó ní òun lòun ba eré ọmọ náà jẹ́. Ó sọ bí òun ṣe kọ́ ọ, ọjọ́ tí òun kọ́ ọ, àti pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Ọkùnrin náà gbé búrẹ́dì sílẹ̀. Kò bú u, kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní ká ní òun ní ẹlòmíràn tó lè ṣe ìyá ọkọ kí ọjọ́ Sátidé tó pé ni, òní yìí ni Ìyá Eré ì bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ní kó lọ sọ fún Abẹ́rẹ́ kó má tú aṣọ mọ́.

Abẹ́rẹ́ ti tú u tán. Àwọn méjèèjì ló tún jókòó rán an padà, ọ̀kan láti apá òsì, èkejì láti apá ọ̀tún.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Àwọn kan gbé pátákó dúró níta, wọ́n ní eré náà ń ba ilé onílé jẹ́. Gbogbo àga kún bámúbámú. Àwọn èèyàn so aṣọ dúdú mọ́ apá, wọ́n jókòó yí pósí ká, wọ́n sì ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá síbi òkú lóòótọ́. Abẹ́rẹ́ jáde, ó gun orí pósí, ó bẹ̀rẹ̀. Ìyá Eré fi irun funfun borí, ó gbé ọwọ́ lé ìdérí pósí, ó sì ń gbọ́ bí gbọ̀ngàn ṣe ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ó dùn ún dé eegun. Ìjẹ́wọ́ tó jẹ́ fún Olùdarí kò wo ìyẹn sàn.

Nígbà tí wọ́n dé apá kẹta, Abẹ́rẹ́ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ìwé ṣe wí. Ó ń sọ bí adájọ́ ṣe ṣẹ́ ìwé ikú ọmọ po ni ọkùnrin àgbàlagbà kan ní ìlà kejì dìde. Ó múra dáadáa, ó já aṣọ dúdú kúrò lápá, ó sì ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní òkú ni wọ́n ń bú, ó ní obìnrin wo ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú ìyá tó bí ọkọ rẹ̀. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ní kí ó jókòó. Ariwo bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Abẹ́rẹ́ dákẹ́. Kò ṣeré rí láyé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú èyí. Ó yí ojú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyá ọkọ kò ní ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ nínú ìwé. Ìyá Eré gbé ọwọ́ kúrò lórí pósí, ó kọjú sí ọkùnrin náà, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí kì í ga yẹn.

"Jókòó, ọmọ mi. Èmi ni mo bí i, mo mọ ohun tí mo bí. Jẹ́ kí ìyàwó mi sọ tẹnu ẹ̀ tán."

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀ sí i, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì jókòó bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá wí. Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Ó sọ ọ́ títí dé òpin láìgbé ohùn sókè lẹ́ẹ̀kan, obìnrin kan sì ń sunkún ní ìlà iwájú láìmọ̀ pé òun ń sunkún.

Olùdarí ní ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú eré mọ́. Káfíńtà yọ̀ǹda ara rẹ̀ pé òun yóò máa dìde bínú ní ìlà kejì lójoojúmọ́, àfi kí wọ́n ṣáà ra kóòtù fún òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn kan kọ̀wé nípa eré náà. Abẹ́rẹ́ ló kà á sókè nídìí tábìlì. Ẹni tó kọ ọ́ ní ọmọbìnrin tó ṣe opó ń gbìyànjú, yóò dára lọ́jọ́ iwájú. Lẹ́yìn náà ló fi gbogbo ìyókù ìwé rẹ̀ yin arúgbó tó jókòó níbi orí pósí, ó ní gbólóhùn kan tí obìnrin yẹn sọ ni gbogbo eré náà rọ̀ mọ́. Ohùn Abẹ́rẹ́ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á. Ó parí rẹ̀, ó ká a, ó sì ń fi èékánná tẹ ojú ibi tó ká, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá Eré mọ ohun tó wà lójú rẹ̀ nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ti gbé e kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé nítorí mi lẹ ṣe sọ ọ́, àbí nítorí ara yín?"

Ìyá Eré ronú sí i. Kò fẹ́ parọ́ fún ọmọ náà mọ́.

Ó ní, "Mi ò mọ̀."

Abẹ́rẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹun.

Ìgbà mọ́kànlélógójì ni wọ́n ṣe eré náà kí wọ́n tó kó o nílẹ̀. Nígbà tí ọdún yí po, ẹgbẹ́ ńlá kan láti ìlú mìíràn ránṣẹ́ pe Abẹ́rẹ́. Ìyá Eré ló bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀, ó bá a wá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì dúró títí ọkọ̀ fi gbéra. Ó ṣì ń ṣeré pẹ̀lú Olùdarí. Tí àwọn tó ti ìlú yẹn dé bá ń ròyìn àbúrò rẹ̀, yóò ní kí wọ́n jókòó, yóò gbé omi fún wọn, yóò sì ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, irú aṣọ tó wọ̀, bí àwọn èèyàn ṣe pàtẹ́wọ́ tó. Ó máa ń dùn mọ́ ọn. Ó tún máa ń ta á níkùn. Ó ń gbọ́ ọ títí dé òpin.